Ojú Ọkọ̀ ni Ariwo Wà, Ọwọ́ ni Ọ̀rọ̀ Wà: Àgbéyẹ̀wò Ìbínú Àwọn Olólùfẹ́ Land Rover Defender

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo àwùjọ, Ìdímù, Ìpínlẹ̀ Èkó

   Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni í bá àgbà jẹun. Nítorí náà ni olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe wẹ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó tì í bọ àwo yìí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn mẹkáníìkì tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn ló pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn.

Ìbéèrè

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní ìlú Frankfurt, ilẹ̀ Jámánì, ilé-iṣẹ́ Land Rover ṣí aṣọ lójú Defender tuntun, ìyẹn ọkọ̀ tí ó jogún orúkọ jíìpù kan tí ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1948. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ náà ti pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ní ọmọ ti jọ bàbá, àwọn mìíràn sì ní orúkọ nìkan ni wọ́n jí gbé, pé òkú kò tíì tutù tí wọ́n fi fi aṣọ rẹ̀ wọ àlejò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé kalẹ̀: kí ni ohun náà gan-an tí àwọn tó bínú sọ pé ó sọnù?

Ìdáhùn tí a ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọkọ̀ náà ni wọ́n pariwo lé lórí jù, tí wọ́n sì tún mẹ́nu ba irin abẹ́ rẹ̀, ohun tó ń dùn wọ́n kì í ṣe ojú, kì í sì í ṣe irin. Ọwọ́ ni, ìyẹn àǹfààní tí ẹni tó ni ọkọ̀, tàbí mẹkáníìkì tó fọkàn tán, ní láti tú u, láti mọ ohun tó ń ṣe é, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un tò.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni jíìpù. Ara orúkọ ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni a ti rí i, ṣùgbọ́n lẹ́nu ará Èkó òde òní, ọkọ̀ yòówù tó bá ti ga nílẹ̀ ti di jíìpù, ìbáà ṣe pé táyà méjì péré ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, jíìpù ni ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ lè yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, tó ní gíà àfikún tí ń mú un rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára nínú ẹrẹ̀ àti lórí òkè, tí a sì ṣe fún ibi tí ọ̀dà kò dé.

Èkejì ni ṣáásì. Ọ̀pá irin gígùn méjì ni, tí àwọn irin kéékèèké dábùú láàárín wọn bí ìgbésẹ̀ àkàbà, tí a sì gbé ẹ́ńjìnì, gíà àti bọ́dì lé lórí. Bí bọ́dì bá bàjẹ́, a lè ká a kúrò kí ṣáásì ṣẹ́kù. Ọ̀nà kejì tí a fi ń kọ́ ọkọ̀, èyí tó gbòde lónìí, ni kí bọ́dì àti ṣáásì di ara kan ṣoṣo, bí ìkarahun ìjàpá tó jẹ́ ilé rẹ̀ tó tún jẹ́ egungun rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni olólùfẹ́ ọkọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ra ọkọ̀ ni olólùfẹ́ rẹ̀. Olólùfẹ́ ni ẹni tó mọ ọdún tí wọ́n pààrọ̀ iná iwájú, tó lè fi etí mọ ẹ́ńjìnì kan yàtọ̀ sí èkejì, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà sì ń ká lára bí ọ̀rọ̀ ìdílé, yálà ó ní i nílé tàbí kò ní.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àríyànjiyàn yìí dúró lé. Ojú ọkọ̀ ni ìrísí rẹ̀ lóde. Egungun ọkọ̀ ni ṣáásì, ẹ́sẹ́lì àti gbogbo irin tó gbé e ró. Eegun ara ni a ń wí o, kì í ṣe egúngún ará ọ̀run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà yóò yọjú kí ìjókòó tó tú. Ọwọ́ ọkọ̀ ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ènìyàn láti fi sípánà dé inú rẹ̀. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kò ní mọ ohun tí àwọn tó bínú ń sọ, àwọn tó bínú gan-an alára sì sábà máa ń dà wọ́n pọ̀.

2. Ibi tí ọkọ̀ náà ti ṣẹ̀

Maurice Wilks, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oko kan ní erékùṣù Anglesey ní Wales, níbi tó ti ń lo Jeep tí àwọn ológun tà lẹ́yìn ogun. Nígbà tó rí i pé kò sí ohun tí yóò rọ́pò ọkọ̀ náà bó bá kú, ó pinnu láti ṣe ti ara wọn, ọkọ̀ tí àgbẹ̀ yóò fi kó ẹrù, tí yóò sì tún fi fa ẹ̀rọ ìtúlẹ̀. Irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun nítorí pé ìjọba ń pín in díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe bàálù pọ̀ nílẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe bọ́dì, wọ́n sì jẹ́ kó tẹ́jú gbalaja, nítorí pé kò sí owó fún ẹ̀rọ ńlá tí yóò tẹ̀ ẹ́ ní róbótó. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 1948, wọ́n gbé e jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam. Orúkọ náà Defender kò tilẹ̀ dé títí di ọdún 1990. Land Rover lásán ni a ń pè é tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí a fiyè sí i pé ojú tí àwọn olólùfẹ́ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lónìí, ojú onígun mẹ́rin yẹn, kì í ṣe ẹwà tí ẹnikẹ́ni jókòó wá. Àìrówóná àti ọ̀wọ́n irin ló bí i. Iṣẹ́ ló ṣáájú, ojú tẹ̀ lé e.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, Lándírófà, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń pè é, jẹ́ ọkọ̀ àwọn òyìnbó ìjọba àti àwọn òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn àti ìlera tó ń wọ ìgbèríko; lẹ́yìn òmìnira, ó di ọkọ̀ ológun àti ọlọ́pàá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣètò kí a máa to ọkọ̀ pọ̀ nílé ní àwọn ọdún 1970, tí Peugeot wà ní Kaduna, tí Volkswagen sì wà ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ilé-iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn ni ó ń to Land Rover pọ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó kan ọmọ Yorùbá ni: ọwọ́ ọmọ Yorùbá ti di bọ́ọ̀tù ọkọ̀ yìí rí.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2016, èyí tó kẹ́yìn jáde ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Solihull, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí iye àwọn tí wọ́n ti ṣe ti ju 2,000,000 lọ. Òfin èéfín àti òfin ààbò ẹ̀mí ló lé e kúrò lójú ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, wọn kò tà á mọ́ láti ìgbà tí ọdún 1997 ti parí.

3. Ohun tó yí padà, àti ẹ̀sùn mẹ́ta

Defender tuntun kò ní ṣáásì alákàbà mọ́. Alumíníọ̀mù ni gbogbo ara rẹ̀, bọ́dì àti egungun sì di ọ̀kan. Ẹ́sẹ́lì gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì ti lọ, táyà kọ̀ọ̀kan sì ń dá gbéra. Nitra ní orílẹ̀-èdè Slovakia ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe Solihull. Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ́ńjìnì, gíà àti bíréèkì rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì lè ti òkèèrè sọ ìlànà inú àwọn kọ̀ǹpútà náà di ọ̀tun nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílé olówó rẹ̀. Gerry McGovern, tó darí àwọn ayàwòrán rẹ̀, sì jẹ́ kó yé gbogbo ayé pé kì í ṣe àdàkọ ti àtijọ́ ni òun fẹ́ ṣe.

Bí a bá kó gbogbo ìbínú tó tẹ̀ lé e jọ, tí a fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, ẹ̀sùn mẹ́ta ló kù. Ti àkọ́kọ́ ni pé ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú Defender, pé igun rẹ̀ ti di róbótó, ó sì ti jọ ọkọ̀ ọlọ́rọ̀. Ti èkejì ni pé egungun rẹ̀ ti yí padà, pé jíìpù tí kò ní ṣáásì kì í ṣe jíìpù. Ti ẹ̀kẹta ni pé kò sí ẹni tó lè tún un ṣe nínú igbó. Ó kàn kí a gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

4. Ẹ̀sùn kìn-ín-ní: ojú

Ilé-ẹjọ́ kan ti yẹ ọ̀rọ̀ ojú yìí wò. Ilé-iṣẹ́ tó ni Land Rover fẹ́ kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ìrísí Defender àtijọ́ di àmì tirẹ̀ nìkan, kí ẹlòmíràn má baà lò ó. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí irú àmì bẹ́ẹ̀ kọ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ní London sì fara mọ́ ọn ní ọdún 2020. Lára ìdí wọn ni pé ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọkọ̀ rí gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ ńlá lè má jẹ́ nǹkan kan lójú oníbàárà lásán. Òfin ti sọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n olólùfẹ́ lè dáhùn pé òun kì í ṣe oníbàárà lásán. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹ̀rí tó sún mọ́ ilé.

Ní Èkó, iṣẹ́ kan wà tí gbogbo mẹkáníìkì inú gbọ̀ngàn yìí mọ̀, tí wọ́n ń pè ní ọ̀púgíréèdì. Ẹni tó ní Prado tàbí Lexus tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀ yóò gbé e fún àwọn oníṣẹ́, wọn yóò yọ iná, bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti irin iwájú rẹ̀, wọn yóò sì fi ti ọdún tuntun sí i, títí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ ní títì fi máa ṣe kábíyèsí fún un. Ojú ti di ọ̀tun pátápátá. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yẹn bá fẹ́ páàtì, ọdún wo ni wọn yóò dá fún oníṣòwò páàtì ní ọjà Ládípọ̀? Ọdún àtijọ́ ni. Olówó ọkọ̀ mọ̀, mẹkáníìkì mọ̀, ẹni tó fẹ́ rà á pàápàá, bó bá gbọ́n, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó tó dá owó. Bí ojú bá jẹ́ òun gan-an ni ọkọ̀, ọ̀púgíréèdì ì bá ti sọ ọkọ̀ kan di òmíràn. Kò sì sí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń gbèjà ojú lè tọ́ka sí Mercedes-Benz G-Class, èyí tí a mọ̀ sí G-Wagon. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Graz ní Austria. Nígbà tí wọ́n sì tún un ṣe, tí wọ́n fi hàn ní Detroit ní ọdún 2018, ó fẹ́ jẹ́ pé gbogbo inú rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ojú onígun rẹ̀, ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ìró tí ilẹ̀kùn náà ń ṣe bó bá tì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ariwo kò pọ̀. Ṣé kì í ṣe ojú ló gbà á là ni? Ìdáhùn wà nínú irú ẹni tó ń rà á. Kí ọdún 2018 tó dé, G-Wagon tí aráàlú ń rà ti kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti arìnrìn-àjò aṣálẹ̀, ó ti di ọkọ̀ olówó, tí ẹni tó ni ín kì í fi ọwọ́ kan inú rẹ̀. Ọwọ́ ti jáde kí àtúnṣe tó wọlé. Ojú nìkan ló kù tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lè dù, ilé-iṣẹ́ náà sì fi í lé wọn lọ́wọ́.

5. Ẹ̀sùn kejì: egungun

Ẹ̀sùn yìí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé iṣẹ́ ni a fi ń mọ jíìpù, egungun ló sì ń gbé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iṣẹ́ wọ̀n ọ́n, Defender tuntun kò rẹlẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Ti àtijọ́ lè wọ omi tó jìn ní mìlímítà 500. Ti tuntun tó ní sípíríǹgì onáfẹ́fẹ́ lè wọ èyí tó jìn ní mìlímítà 900. Ẹni tó bá mọ bí àgbàrá ṣe ń kún ojú ọ̀nà Ìdímù sí Ìkọ̀tún nígbà òjò yóò mọ ohun tí mìlímítà 400 túmọ̀ sí. Ẹni tó bá ní egungun tuntun kò lè ṣiṣẹ́ jíìpù ń sọ ohun tí ìwọ̀n kò gbè lẹ́yìn.

Ọkọ̀ kan tún wà tó jẹ́ ẹlẹ́rìí níhìn-ín. Jim Ratcliffe, olówó ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà Ineos, fẹ́ràn Defender àtijọ́ dé ibi pé ó dá ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, Grenadier, tó sọ ní orúkọ ilé-ọtí kan ní London níbi tí èrò náà ti wáyé. Ọdún 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Hambach ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní ṣáásì alákàbà, ó ní ẹ́sẹ́lì gbọọrọ, ojú rẹ̀ sì jọ ti Defender àtijọ́ gan-an. Èyí fi hàn pé àwọn kan ń fẹ́ egungun náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀: bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ lè tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ fún àwọn tó bínú rántí ọwọ́ wọn.

6. Ẹ̀sùn kẹta: ọwọ́

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún ìdáhùn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1998, ọdún mọ́kànlélógún ṣáájú ariwo Frankfurt. Ní ọdún náà, wọ́n yọ ẹ́ńjìnì dísù tí wọ́n ń pè ní 300Tdi kúrò nínú ọ̀pọ̀ Defender, wọ́n sì fi Td5 rọ́pò rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà ń darí bó ṣe ń tú epo sínú. Ojú kò yí padà. Ṣáásì kò yí padà. Ẹ́sẹ́lì kò yí padà. Agbára tilẹ̀ pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ gba aṣálẹ̀ àti igbó kìjikìji kọjá ń wá 300Tdi kiri títí di òní, nítorí pé bó bá kú lọ́nà jíjìn, sípánà, wáyà díẹ̀ àti làákàyè tó láti jí i. Bí a bá yọ ojú kúrò, tí a yọ egungun kúrò, tí ẹ̀dùn ọkàn ṣì wà, a jẹ́ pé ohun kẹta ló fà á. Ọwọ́ ni.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àyíká Ìdímù kò nílò kí ẹnikẹ́ni ti Frankfurt wá ṣàlàyé èyí fún wọn. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì máa ń lo ọdún púpọ̀ lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó gba fíríídọ́ọ̀mù. Kì í ṣe ìwé ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọ, ojú, etí àti ìka ọwọ́ ni: bí ẹ́ńjìnì ṣe ń dún bí fáàfù bá jó, bí bọ́ọ̀tù ṣe ń le mọ́ni lọ́wọ́ nígbà tó bá ku díẹ̀ kó já. Nígbà tí ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà dé, sìkánà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, di dandan. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọdé oníṣẹ́ ló ti mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Wàhálà ibẹ̀ kì í ṣe pé ó ṣòro kọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ilẹ̀kùn kan wà nínú ọkọ̀ tuntun tí sìkánà ọjà kì í ṣí, tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ wọn. Níbẹ̀ ni gbogbo ọdún tí ọmọ iṣẹ́ fi sìn ti di òfo lójú kan.

Àtakò méjì yẹ fún èsì. Ti àkọ́kọ́ ni pé ayé ti lọ síwájú: Defender àtijọ́ kò ní báàgì afẹ́fẹ́ tí ń gba awakọ̀ lọ́wọ́ ikú, èéfín rẹ̀ pọ̀, ti tuntun sì ń tà ju 100,000 lọ lọ́dún nígbà tí ti àtijọ́ kò ju nǹkan bí 20,000 lọ́dún lọ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo èyí, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó máa ní kí a padà sí ọkọ̀ tí ń pani nítorí pé ó rọrùn láti tú. Ṣùgbọ́n ọjà tó tà kò dáhùn ìbéèrè. Ó kàn fi hàn pé àwọn oníbàárà tuntun ti dé, àwọn tí kò ní ọwọ́ kankan láti pàdánù.

Àtakò kejì ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó pariwo kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rí láyé wọn. Èyí náà jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ní àyíká wa níhìn-ín, ọwọ́ olówó ọkọ̀ ni ọwọ́ mẹkáníìkì rẹ̀. Dókítà, tíṣà àti oníṣòwò tí kò mọ sípánà yàtọ̀ sí síbí ṣì ń jẹ nínú ọwọ́ tó ṣí sílẹ̀, nítorí pé wọ́n lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, kí wọ́n gbọ́ iye mẹ́ta, kí wọ́n sì yan èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, iye tí ẹni náà bá pè ni iye.

7. Èrò ìkẹyìn

Bí a bá wá padà sí ìbéèrè wa, a ó rí i pé àwọn tó bínú jàre, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n nawọ́ sí. Bí wọ́n bá ń bèèrè fún ojú àtijọ́, ilé-iṣẹ́ kan lè fún wọn ní ojú náà lọ́la kó sì ti gbogbo ilẹ̀kùn inú rẹ̀ pa. Ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè ni ohun tí àwọn ará ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà sọ di òfin ní ọdún 2012, pé kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ jẹ́ kí olówó ọkọ̀ àti mẹkáníìkì tó wù ú lè ra ìmọ̀ àti irinṣẹ́ kan náà tí àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ ń lò. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lé kọ̀ǹpútà jáde nínú ọkọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ ni. Ìlú tí tòkunbọ̀ pọ̀ sí bíi tiwa, níbi tí ọkọ̀ ti ń ṣe ìgbà kejì àti ìkẹta ayé rẹ̀, ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo irú òfin bẹ́ẹ̀.

Àṣà wa kò lòdì sí àtúnṣe. Ọmọkùnrin tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà ni à ń sọ ní Babátúndé, bẹ́ẹ̀ ni a kì í wọn imú rẹ̀ mọ́ ti òkú kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀kú egúngún náà kì í wà lójú kan: lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́, títí tí àwọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò fi pa rẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ bó bá jáde, agbo ilé mọ ẹni tó jáde. Kò sí ẹni tó sọ pé ó ti di egúngún mìíràn, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán an kò kúrò nínú agbo ilé rí.